Kíláàsì Alẹ́ ní Òkè-Àró

Aago méje alẹ́, tí mo bá ti ti ìsọ̀ kòkó,
mo máa ń gbọn eruku àpò kúrò lápá,
mo máa ń gun Òkè-Àró lọ sílé-ìwé àwọn ọmọdé
lọ ká orúnkún sábẹ́ tábìlì tí kò gbà mí,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú bírò méjì.

Bébà kan ló lé mi débẹ̀.
Oníbàárà láti èbúté gbé e wá, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
Mo rò pé rìsíìtì ni.
Àṣé mo ti ta kòkó tí kò tíì so.

Tísà wa, Mosúnmọ́lá Akíngbàsọ,
kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí.
Ó ní ọ̀rọ̀-orúkọ ni ohun tí a lè pè.
Mo ní kòkó, òṣùwọ̀n, okùn, Àkúrẹ́.
Ó ní bí àpò bá ju ẹyọ kan lọ, kí a fi ésì sí i nídìí.
Mo ní nígbà tí mo ti wí pé ogójì ni,
kí ni ésì tún ń wá nídìí àpò?
Ta ni kò gbọ́ ogójì?
Bàbá tó ń lẹ táyà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ó wá kan arọ́pò-orúkọ.
Tiwa, ẹyọ kan: ó.
Ó sùn. Ó jí. Ó so. Ó rà.
Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, igi kòkó ni o,
ó gba gbogbo wọn bí ẹní tó fẹ̀.
Tiwọn, ilẹ̀kùn mẹ́ta: híì, ṣíì, ìtì;
o ní láti wo abẹ́ aṣọ ọ̀rọ̀ kí o tó ní kó wọlé.
Mo kọ ọ́ pé ìyá mi, déè ń bọ̀ láti oko.
Tísà ní, "Bàbá, ènìyàn mélòó ni ìyá yín?"
Mo ní ọ̀kan ni,
ṣùgbọ́n ta ló bí mi tí màá pè ní ẹyọ?
Yúù tún rèé: yúù fún ọba,
yúù fún ewúrẹ́ tó wọlé jẹ iṣu.
Títí dòní, mi ò tíì lè là á lẹ́nu sí ẹnikẹ́ni.

Lọ tiwa kì í pààrọ̀ ẹ̀wù:
mo lọ lánàá, màá lọ lọ́la.
Tiwọn di góò, ó di wẹ́ǹtì, ó di gọ́ọ̀nù,
bí ọmọ tó sá nílé tó yí orúkọ padà.

Tísà ní ká kọ gbólóhùn kan nípa ará ilé wa.
Mo fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, mo fi àmì ìdánudúró parí:
Adétutù ni ìyàwó mi.
Èdè wọn ni mo fi kọ ọ́. Ìsì ni mo fi sí ibi tí ni wà.
Ìwé padà dé, yíǹkì pupa gún ìsì láyà,
ó kọ wọ́ọ̀sì sókè rẹ̀.
Ẹjọ́ mi ni. Èmi ni mo sọ fún un
pé ọdún kẹfà rèé tí a sin ín sí Ìsíńkàn.

Kò ṣe ohun burúkú. Bí gírámà wọn ṣe rí nìyẹn.
Ọ̀rọ̀ wọn a máa bá ẹni tó kú wọ ibojì.
Mo wo ni tiwa títí. Kò ní àná.
Adétutù ni ìyàwó mi:
ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kò ní dín.

Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Nígbà tí oníbàárà èbúté tún gbé bébà dé,
mo wọ awò, mo ka ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo bá wíìlì kan níbi tó sá pamọ́ sí.
Mo ní kó jókòó, kí a tún un kọ.
Mo tilẹ̀ yẹ ìdí àpò wò. Ésì wà níbẹ̀.

Tísà ní ká kọ àtúnṣe wa ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún.
Mo kọ ti déè. Mo kọ ti wẹ́ǹtì.
Ìlà Adétutù, mo fò ó.